Olúgbádé àti Ìràwọ̀ Tó Ni Ilé Rẹ̀

Bí ẹ bá dé Ọ̀wọ̀ tí aago ọwọ́ yín sì kú, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú pẹ̀lú orúkọ àdúgbò. Ẹ ṣáà béèrè Bàbá Oníràwọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá pàdé yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà yóò nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní búlúù, níbi tí aago ti bo ògiri débi pé ẹ ò ní rí ògiri mọ́. Gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí èyí tó gbà fún èkejì. Láàárín wọn ni Olúgbádé máa ń jókòó sí, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí fìlà kì í kúrò lórí rẹ̀, tí kò níyàwó, tí kò bímọ, tó sì ní àlàyé kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀.

Àlàyé náà ni Súhálì. Ẹ fara balẹ̀, a ó débẹ̀.

Iṣẹ́ aago kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń du mọ́ láyé ìsinsìnyí. Fóònù ti gba aago lọ́wọ́ aráyé. Àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ńlá ṣì ń wá pààrọ̀ bátìrì, àwọn àgbàlagbà kan sì wà tí wọn ò lè sùn bí aago inú pálọ̀ ò bá dún, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ pólì tó ń wọ́ wá síbẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé kì í wá torí aago. Ìràwọ̀ ni wọ́n ń bá wá. Ọ̀kan ń fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọkùnrin tó ń fẹ́ òun yóò dúró. Òmíràn ń fẹ́ mọ ìdí tí òun fi ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan náà lọ́dọọdún, bí ẹni pé ìwé tí kò kà kọ́ ló fà á.

Ọ̀dọ̀ Àfáà Raheem ni Olúgbádé ti kọ́ iṣẹ́ méjèèjì. Àfáà Raheem, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ni ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ aago ní Ọ̀wọ̀ nígbà tí aago ṣì jẹ́ aago. Bí ó bá ti tú aago ẹnì kan kalẹ̀ sórí aṣọ funfun, yóò máa sọ̀rọ̀ àwọn ìràwọ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àwọn ará àdúgbò rẹ̀. Ó ní aago ńlá kan wà lókè tí Ọlọ́run fọwọ́ ara rẹ̀ yí, pé ìràwọ̀ méje ló ń rìn nínú rẹ̀, ilé méjìlá ni wọ́n sì ń gbà kọjá. Olúgbádé, ọmọ ìjọ Áńgílíkà láti inú oyún, gba ẹ̀kọ́ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí àlùfáà ìjọ pè é pé kí ni òun ń gbọ́ yìí, ó dáhùn pé òun ò bọ ìràwọ̀ o, òun kàn ń ka aago ni. Àlùfáà wò ó títí, ó ní kó ṣáà máa wá sí kọ́áyà lásìkò. Kò sì pẹ́ dé kọ́áyà rí.

Ẹ jẹ́ kí n fi bó ṣe ń ṣe é hàn yín. Lọ́jọ́ kan, ọmọ pólì kan tó ń jẹ́ Àràmídé wọlé, fóònù lọ́wọ́. Ó ní fóònù sọ fún òun pé ọmọ ilé Ẹja ni òun, kí Bàbá jọ̀ọ́ bá òun wò ó bóyá òótọ́ ni.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n bí ẹ?"

Ọmọ náà sọ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta.

"Ọjọ́ ìyá ẹ ni, àbí ọjọ́ ilé ìwé?"

Ìbéèrè tí Olúgbádé máa ń bi gbogbo ènìyàn nìyẹn, ó sì nídìí. Ní ìlú wa yìí, àti ní gbogbo oko tó wà láti Ifọ́n títí dé Òkèlúsè, ọ̀pọ̀ àgbà ni kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn. Ọ̀gá ilé ìwé ló máa ń ní kí ọmọ gbé apá kọjá lórí orí kó fọwọ́ kan etí. Bí ọwọ́ bá ti kan etí, wọ́n á gba ọmọ náà wọlé, wọ́n á sì fún un ní ọjọ́ ìbí kan lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn mìíràn lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ iṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì mú ọjọ́ tí yóò jẹ́ kí wọ́n pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. "Ìràwọ̀ kì í ka áfídéfíìtì," ni Olúgbádé máa ń wí.

"Ọjọ́ màmá mi ni, sà," ni Àràmídé dáhùn. "Ilé ìwòsàn ni wọ́n bí mi sí."

"Ó dáa. Jókòó." Ó ti àpótí sí i lẹ́sẹ̀. "Ìlú ńlá ni ọ̀run. Àdúgbò méjìlá ló wà níbẹ̀, àwọn ìràwọ̀ méje sì ni ìjòyè ìlú. Òòrùn ló ni àdúgbò Kìnnìún. Òṣùpá ló ni ti Akàn. Àwọn márùn-ún tó kù ní ilé méjì méjì."

"Kí ló dé tí Òòrùn fi ní ẹyọ kan? Ṣebí òun ló tóbi jù?"

"Ààfin mélòó lo rí l'Ọ́wọ̀?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Olúgbádé náà rẹ́rìn-ín, ó wá ṣàlàyé fún un pé Mùṣùtárì, èyí tí ìwé òyìnbó ń pè ní Júpítà, ló ni ilé Ẹja, pé ó na ẹsẹ̀ síbẹ̀ bí bàbá àgbà tó jẹun yó. Ó ní yàtọ̀ sí ilé tí ìràwọ̀ ní, ilé kan tún wà tí wọ́n ti ń gbé e gẹ̀gẹ̀ bí àlejò pàtàkì, àti pé inú ilé Ẹja yìí kan náà ni wọ́n ti ń tẹ́ ẹní fún Àgùàlà, ìràwọ̀ ìfẹ́.

"Àgùàlà tí wọ́n ń pè ní ajá òṣùpá?"

"Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ní ajá rẹ̀ ni. Kì í ṣe ajá ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó nílé méjì lórí ara rẹ̀ ni, ilé Akọ Màlúù àti ilé Òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n wo òdìkejì ilé Ẹja, níbi tí ilé Wúńdíá wà. Bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹní fún un níbí, bẹ́ẹ̀ ni kò níyì lọ́hùn-ún. Kò sí ìjòyè tí kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ilé tó jẹ́ pé bó bá débẹ̀, ṣe ni yóò ṣí fìlà dúró sẹ́nu ọ̀nà."

Àràmídé gba ilé lọ tayọ̀tayọ̀. Inú gbogbo wọn ló máa ń dùn. Ẹnì kan ṣoṣo tí Olúgbádé kò lè fi ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ mú inú rẹ̀ dùn ni Olúgbádé fúnra rẹ̀.

Ìdí ni pé ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ìyẹn ni pé inú ilé Òbúkọ ni Òòrùn wà nígbà tí wọ́n bí i, ẹni tó sì ni ilé Òbúkọ ni Súhálì, tí àwọn ọmọ pólì ń pè ní Sátọ̀n. Arúgbó inú àwọn ìràwọ̀ ni, òun ló jìnnà jù, òun ló tutù jù, ìrìn rẹ̀ ló sì falẹ̀ jù. "Súhálì ni onílé rẹ," ni Àfáà Raheem sọ fún un nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. "Ohun gbogbo tìrẹ ni yóò pẹ́." Olúgbádé gbà á gbọ́, nítorí ó bá a mu wẹ́kú. Láti kékeré ló ti jẹ́ pé ọbẹ̀ tirẹ̀ ló ń tutù kó tó jẹ ẹ́.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń dúró. Ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n jọ ń fẹ́ra, Ọmọ́lẹ́yẹ lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin náà bi í pé ìgbà wo ni yóò wá mọ ilé àwọn, ó ní kò ì tíì tó àsìkò. Ọmọ́lẹ́yẹ dúró dúró, ẹsẹ̀ ro ó, ó lọ fẹ́ olùkọ́ kan ní Ifọ́n. Àwọn àbúrò Olúgbádé gbéyàwó, wọ́n bímọ, àwọn ọmọ wọn náà ń gbéyàwó, ẹ̀gbọ́n ṣì ń wí pé kò ì tíì tó àsìkò. Ẹni tó jẹ́ pé àsìkò ni iṣẹ́ rẹ̀! Bí ọ̀rọ̀ náà bá ń bí mi nínú, ẹ má dá mi lẹ́bi.

Bí ó ṣe ń bá ayé rẹ̀ bọ̀ nìyẹn kí Oyèkẹ́ tó gbé aago kan wọlé lẹ́yìn ọdún Àjíǹde tó kọjá. Opó ni Oyèkẹ́, ọmọ ìjọ Kátólíìkì, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ní ilé ìwòsàn, obìnrin tó ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ láìfepo bọyọ̀. Aago ògiri ọkọ rẹ̀ tó kú ni ó gbé wá, aago onígi ńlá tí ohùn rẹ̀ wúwo.

"Ó dákẹ́," ló wí. "Ilé náà sì dákẹ́ jù. Ọkọ mi lọ, mo gbà. Aago rẹ̀ ò yẹ kó bá a lọ."

Ohun tó ṣe aago náà kò ju ìdọ̀tí lọ. Olúgbádé tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Oyèkẹ́ padà wá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fún un ní ẹ̀pà yíyan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn àwọn ohun tí àwọn dókítà máa ń gbàgbé sínú àpò kóòtù funfun wọn, títí kan ẹyin bíbọ̀ tí ẹnì kan gbàgbé sí tirẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀. Olúgbádé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà dìde tó béèrè aago rẹ̀, Olúgbádé gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ pé, "Ó ku díẹ̀."

Ó ku díẹ̀ ló ń sọ láti ìgbà náà. Ó fi aago kọ́ sí yàrá ẹ̀yìn, lẹ́yìn kọ́tìnì, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ láìsí wàhálà. Oyèkẹ́ ń wá béèrè, ó ń jókòó, ẹ̀pà ń tán. Òjò dé, àgbàdo tuntun dé, wọ́n fi ẹ̀pà sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àgbàdo. Àwa ará àdúgbò mọ̀. Ta ni kò mọ̀?

Ní ìparí oṣù keje, Oyèkẹ́ wọlé láìmú ohun jíjẹ kankan dání.

"Bólúwatifẹ́ ń bọ̀ wá mú mi," ó ní. Bólúwatifẹ́ ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Abẹ́òkúta ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. "Ó ti bí èkejì. Ó ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun pátápátá, kí n fi ilé mi háyà. Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni."

Olúgbádé gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Pátápátá?"

"Pátápátá. Mo ti ní mò ń bọ̀." Ó wò ó lójú. "Bàbá, ọmọdé kọ́ ni wá. Bí ẹnì kan bá wà l'Ọ́wọ̀ yìí tó ní kí n má lọ, màá lọ kí ọmọ tuntun, màá sì padà. Ṣùgbọ́n n ò ní jókòó sínú ilé tó dákẹ́ nítorí ẹni tí kò sọ̀rọ̀."

Àyà Olúgbádé ń lù ju gbogbo aago rẹ̀ lọ. Ó mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó fẹ́ sọ pé kó má lọ. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ìyá Bólú, ẹ mọ̀ pé Súhálì ló ni ilé tèmi. Ohun gbogbo mi..."

"Yóò pẹ́. Mo ti gbọ́. Gbogbo ìlú ti gbọ́." Kò bínú, ó kàn dà bíi pé ó rẹ̀ ẹ́. "Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè yín bi yín. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní yẹn, ọjọ́ ìyá yín ni, àbí ọjọ́ ilé ìwé?"

Ìyá Olúgbádé ti kú kó tó gbọ́n dé ibi tí yóò ti béèrè. Bàbá rẹ̀ kì í sì í sọ̀rọ̀ obìnrin náà, nítorí ẹkún ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ọjọ́ tí ilé ìwé kọ fún un ló gbé fún Àfáà Raheem. Àfáà ṣírò rẹ̀, ó bá a mu, ọ̀rọ̀ tán. Gbogbo aráyé ló ti bi ní ìbéèrè náà, kò bi ara rẹ̀ rí. Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

"N ò mọ̀," ó ní níkẹyìn.

"Ẹ lọ béèrè," ni Oyèkẹ́ wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹnì kan ló kù láyé tó lè mọ̀, àbúrò ìyá rẹ̀, Màmá Dùnsìn, tó ń gbé ní Ìdògùn. Ẹ má rò pé ó sáré lọ o; ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Ó kọ́kọ́ bá ara rẹ̀ jiyàn pé ìràwọ̀ tó ti bá ènìyàn mu tó bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ó tún ní òjò pọ̀. Ìgbà tó wá rí ọkùnrin kan tó ń wọn fèrèsé ilé Oyèkẹ́ pé òun fẹ́ gbà á háyà ni ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tó wọ mọ́tò.

Ó bá Màmá Dùnsìn níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Màmá ti darúgbó débi pé ọmọdé ni gbogbo ọkùnrin lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ ṣì mú. Olúgbádé dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó bu díẹ̀ lára ẹ̀gúsí sínú abọ́, ó gbé e sórí itan, ó ń bá a bó o. Lẹ́yìn tí wọ́n ti kí ara wọn tán, ó béèrè.

"Ta ló sọ fún ọ pé oṣù kìíní ni?"

"Ilé ìwé ni, Màmá."

"Ṣé ilé ìwé ló bí ọ ni?" Màmá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dà nù. "Ọ̀gá ilé ìwé yẹn! Gbogbo ọmọ tó wọlé lọ́dún yẹn ló fún ní ọjọ́ kan náà. Ó ní òun ò ráyè. Ọ̀ghọ̀, Ọ̀wọ̀ tí ẹ ń pè yìí, ni wọ́n bí ọ sí, ọmọ mi. Ìyá rẹ padà sílé bàbá wa lọ bí ọ. Èmi ni mò ń pọn omi. Wọ́n ń ṣe Ìgógò lọ́wọ́."

"Ìgógò?" Oṣù kẹsàn-án ni Ìgógò, ọdún ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀, máa ń bọ́ sí. Olúgbádé rí i tí ọwọ́ ara rẹ̀ dúró sínú abọ́. "Màmá, ṣé ó dá yín lójú?"

"Kí ni kò ní dá mi lójú? Fìlà bàbá rẹ ńkọ́?"

Màmá gbé abọ́ ẹ̀gúsí sílẹ̀ kó lè rí ọwọ́ fi sọ ọ́. Ó ní oko Ìdògùn níbí ni bàbá Olúgbádé wà nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí i pé ìyàwó rẹ̀ ti bímọ. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ, ó dé fìlà tó fi gbéyàwó, ó gẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀. Ayọ̀ kò jẹ́ kó rántí àsìkò. Kò rántí pé bí Ìgógò bá ti wọlé, ìlù kì í dún l'Ọ́wọ̀, agogo nìkan ni wọ́n ń lù, ọkùnrin kì í sì í dé fìlà. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ká a mọ́.

"Ó bẹ̀ wọ́n títí," ni Màmá wí. "Ó ní àkọ́bí òun ni wọ́n bí, òun ò lè lọ pàdé ọmọ òun lórí òfo. Wọ́n ní kó yàn. Bó bá jẹ́ fìlà ló fẹ́, kó padà sí Ìdògùn kó máa dé e lọ. Bó bá jẹ́ ọmọ ni, kó wọlé. Ó bọ́ fìlà sílẹ̀ fún wọn, ọmọ mi. Ó sáré wọlé, orí rẹ̀ ń dán, gbogbo wa ń fi í rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ, ó ń sunkún. Kò béèrè fìlà yẹn mọ́."

Bàbá tí Olúgbádé mọ̀ jẹ́ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, tí kì í rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé ẹni náà sáré rí. Ó wá béèrè ìbéèrè tó kù. "Ìbẹ̀rẹ̀ Ìgógò ni, Màmá, àbí ìparí rẹ̀?"

"Mo ní omi ni mò ń pọn. Agogo ń dún, ìyẹn ni mo mọ̀."

Ó padà sí Ọ̀wọ̀, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jókòó láàárín àwọn aago rẹ̀. Inú kọ́kọ́ bí i. Lẹ́yìn ìbínú ni ìbànújẹ́ dé. Ó ronú kan Ọmọ́lẹ́yẹ tó dúró títí, ó ronú kan gbogbo ọdún tó fi jẹ́ ayálégbé nínú ilé Súhálì, Súhálì tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó dùn ún gan-an, ó sì jókòó títí oníbàárà kan fi kí i tó lọ láìrí ẹni dá a lóhùn.

Nígbà tó yá ó ṣírò, nítorí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ Ìgógò ni wọ́n bí i, Òòrùn ṣì wà nínú ilé Wúńdíá, ilé tí Utáridì, ìràwọ̀ akọ̀wé, ni. Ibẹ̀ gan-an sì ni ibi tí Àgùàlà ti ń ṣí fìlà. Bó bá jẹ́ ìparí Ìgógò ni, Òòrùn ti kọjá sínú ilé Òṣùwọ̀n, Àgùàlà fúnra rẹ̀ ni onílé níbẹ̀, ó jókòó sórí àga rẹ̀, àlejò pàtàkì tí wọ́n sì ń tẹ́ ẹní fún níbẹ̀ ni Súhálì arúgbó. Ọ̀kan ní kó má dán ìfẹ́ wò. Èkejì ní ìfẹ́ ló nilé. Láàárín méjèèjì, kò sí ẹni tó lè sọ, nítorí ẹni tó bí i ti lọ, ẹni tó pọn omi kò wo ojú ọjọ́.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ìràwọ̀ kò rí nǹkan kan sọ fún un. Ó wá rántí ọ̀rọ̀ Àfáà Raheem lẹ́ẹ̀kan sí i: ohun gbogbo tìrẹ ni yóò pẹ́. Àfáà ní yóò pẹ́. Kò ní kó má dìde.

Ọjọ́ tí Bólúwatifẹ́ wá, ọkọ̀ dúró síwájú ilé Oyèkẹ́, wọ́n ti di bẹ́ẹ̀dì mọ́ orí rẹ̀, ọmọ tuntun wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Àwa tó wà lójú pópó la kọ́kọ́ rí Olúgbádé. Ó ń bọ̀, ó gbé aago onígi ńlá mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ, orí rẹ̀ sì wà lófo. Bẹ́ẹ̀ ni, kò dé fìlà. Ìgógò kò sì tíì dé. Mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ọjọ́ náà ni mo tó mọ̀ pé irun rẹ̀ ti funfun tán. Ó ń yára. Ìyẹn náà, a kò rí i rí.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Fìlà yín dà?" ni Bólúwatifẹ́ béèrè.

Kò tíì dáhùn tí Oyèkẹ́ fi jáde.

"Ìyá Bólú, mo gbé aago yín wá."

"Ó ti ṣe tán?"

"Ó ti ṣe tán láti ọ̀sẹ̀ tí ẹ gbé e wá."

"Mo mọ̀," ni Oyèkẹ́ wí. "Èmi tí mo fi gbogbo ìgbà ọkọ mi sùn ti aago yìí, ṣé n ò ní mọ ohùn rẹ̀ ni? Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn kọ́tìnì yín."

Ìtìjú mú Olúgbádé, ó di aago mú girigiri. "Ẹ sì ń wá béèrè?"

"Ẹ sì ń ní ó ku díẹ̀. Mò ń dúró kí díẹ̀ yẹn pé ni."

Olúgbádé sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró níbẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé tí kò ráyè, Ìgógò, fìlà bàbá rẹ̀, ilé méjèèjì tí kò mọ èyí tí òun jẹ́ ọmọ rẹ̀. "Ìràwọ̀ ò lè sọ ọ́ fún mi mọ́," ó ní. "Ẹ má lọ. Ẹ lọ kí ọmọ, kí ẹ padà wá. Mo fẹ́ kí ẹ padà. Èmi ni mo sọ ọ́, kì í ṣe ìràwọ̀ kankan."

Bólúwatifẹ́ yíjú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo táyà ọkọ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ rà á.

"Nínú ilé méjèèjì yẹn, èwo ni Àgùàlà yẹn ti rí àga jókòó?" ni Oyèkẹ́ béèrè.

"Ilé Òṣùwọ̀n. Ìparí Ìgógò nìyẹn."

"Ẹ mú ìparí."

"Bí kì í bá ṣe òun ńkọ́?"

"Ọ̀gá ilé ìwé tí kò mọ̀ yín rí fún yín ní ọjọ́ kan, ẹ fi gbogbo ayé yín sìn ín," ni Oyèkẹ́ wí. "Èmi tí mo mọ̀ yín náà fún yín ní ọ̀kan. Màá ti dé láti se oúnjẹ ọjọ́ náà."

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Bólú, sọ bẹ́ẹ̀dì yẹn kalẹ̀. Àlejò kì í gbé bẹ́ẹ̀dì dání."

Olúgbádé wọ pálọ̀. Ìṣó aago ṣì wà lára ògiri, ojú ibi tí aago wà tẹ́lẹ̀ ṣì mọ́ ju ibi yòókù lọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ó yíjú, kó tó béèrè, Oyèkẹ́ ti gbé àga kan wá. Ó gùn ún, obìnrin náà sì di ẹsẹ̀ àga mú kó má baà mì.